Ọjọ́ Tí Mo Lọ Ewé ní Áyọ́ọ̀nù

"Uncle Wálé, ta ló ní kẹ́ ẹ lọ igbó ní áyọ́ọ̀nù?"

Bí Uncle Ràímì ṣe kí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn nìyí. Kò ní ẹ káàárọ̀, kò ní ẹ kú iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọlúàbí tó mọ èèyàn kí ni. Ó kàn gbé aṣọ kan lé orí káńtà ṣọ́ọ̀bù mi ní Peckham, aṣọ tí èmi fúnra mi fọ̀, tí mo lọ̀, tí mo sì fi ọ̀rá bò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Mo wo aṣọ, mo wo ojú ẹni tó gbé e wá. Kí n má tàn yín, inú mi kọ́kọ́ dùn, torí aṣọ náà ṣì le gbagidi bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìlà tí mo fà sí iwájú ṣòkòtò rẹ̀ ṣì mú débi pé èèyàn lè fi gé búrẹ́dì. Ìgbà tí Uncle Ràímì jókòó sórí àga oníbàárà, tó fọwọ́ lẹ́rán, ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó ṣe é. Alágbàfọ̀ ni mí. Mushin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Tìámíyù, nígbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, àbùkù ni kí aṣọ rọ̀. A ó rì í sínú sítáàṣì, a ó sá a, a ó wọ́n omi sí i, a ó sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa dán. Tí ọ̀gá bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ wa wò, wọ́n á gbé ṣòkòtò nàró sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n á yọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Tó bá dá dúró, o yege. Tó bá wó, o máa tún un rì. "Aṣọ tó o bá fọ̀," ni ọ̀gá mi máa ń wí, "gbọ́dọ̀ ti kí àwọn ará ilé kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó yọjú."

Ìmọ̀ tí mo gbé wọ bàálù wá sí London nìyẹn, n kò sì gbé òmíràn. Ó sì ti jẹ́ mi dáadáa. Àwọn alhaji tó ń lọ kírun Jímọ̀ àti àwọn bàbá ìjọ ló ń fi aṣọ sílẹ̀ fún mi láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Pásítọ̀ kan tiẹ̀ sọ fún mi pé tí òun bá wọ aṣọ tí mo lọ̀, òun kì í lè jókòó títí ìsìn yóò fi parí. Mo gbà á bí ìyìn.

Ìyàwó Uncle Ràímì, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy Kudi, ló gbé aṣọ tí mò ń wí yìí wá ní Ọjọ́bọ̀. Inú àpò dúdú tí à ń da ìdọ̀tí sí ló kó o sí, ó sì wẹ̀yìn wò kó tó gbé e fún mi.

"Uncle Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o," ló wí. "Aṣọ tí Daddy Kudi máa wọ̀ lọ ṣe test fún job tuntun next Thursday nìyí. Wọn ò mọ̀ pé mo gbé e wá. I just want to surprise them."

Ó wá jókòó ṣàlàyé. Láti ọdún méjìdínlógún ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe security lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní ìhà Elephant and Castle, ó sì ti sú u. Oko ńlá kan wà ní Kent tí àwọn àgbọ̀nrín ti ń jẹ igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn run, wọ́n sì ń wá ọdẹ tí yóò máa dín wọn kù. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Uncle Ràímì, ó ti tẹ̀lé àwọn ọdẹ wọ igbó kó tó mọ̀wé kà. Ó ti gba ìwé àṣẹ ìbọn, ó ti yege nínú ìdánwò alákọsílẹ̀, ó sì ti yege nínú ti ìbọn yíyìn. Ẹyọ kan ló kù. Yóò wọ igbó, olùdánwò yóò máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, yóò sì sún mọ́ àgbọ̀nrín láìjẹ́ kó fura, títí yóò fi lè fi ọta kan ṣoṣo pa á. Tó bá yege, iṣẹ́ di tirẹ̀, pẹ̀lú ilé kékeré kan létí oko. Tí kò bá yege, ọkùnrin mìíràn ti wà ní sẹpẹ́ tó ń dúró. Bẹ́ẹ̀, ilé tí wọ́n ń gbé ní Aylesbury Estate, council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ti kọ lẹ́tà pé àwọn máa wó o.

Mo tú àpò náà. Ẹ̀wù, ṣòkòtò àti ìborí ni, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé àti ti erùpẹ̀, tó dà pọ̀ mọ́ra bí ilẹ̀ abẹ́ igi. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, mo ti rí aṣọ sójà rí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé láti ọrùn dé ẹsẹ̀, gbogbo ara aṣọ náà ló ní àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n gé bí ewé, tí wọ́n sorọ̀ jọwọlọ, tí wọ́n ń mì tí èèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sí wọn. Ó tún ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Aunty Rónkẹ́ dìde lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Télọ̀ ni, igun ṣọ́ọ̀bù mi ló wà, kò sì sí ẹni tí àánú máa ń ṣe tó o ní gbogbo Peckham.

"Yéè! Mummy Kudi, ṣé ajá ló fà á ya báyìí ni?"

"Second-hand ni wọ́n rà á o, Aunty. Bó ṣe wà nìyẹn. Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́ di aṣọ èèyàn." Ó sáré jáde torí shift rẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èmi àti Rónkẹ́ wo ara wa. Ohun tí àwa méjèèjì rò ni pé àìní ló fẹ́ mú ọmọ èèyàn wọ àkísà lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún iṣẹ́. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Rónkẹ́ ní òun máa fi ṣe sàárà, òun ò ní gba kọ́bọ̀. Bí mo ṣe fọ aṣọ náà tán ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ewé yẹn mọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, ó kásẹ̀ etí wọn. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣe é. Nígbà tó parí, kò sí ewé kan tó tún lè mì lára aṣọ náà.

Tèmi burú ju tirẹ̀ lọ, torí èmi rí ìkìlọ̀. Àmì kan wà nínú ọrùn ẹ̀wù náà tó sọ pé kí a fi omi tútù fọ̀ ọ́, kí a má fi ohun olóòórùn sí i, kí a má sì lọ̀ ọ́ rárá. Mo kà á, ojú mi ò fọ́. Mo wá bi ara mi pé ẹni tó kọ ìyẹn, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Mo da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tó máa ń mú aṣọ funfun tàn yanran sí i, mo gbé omi gbígbóná lé e, mo da omi olóòórùn òdòdó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí Rónkẹ́ rán an tán, mo rì í sínú sítáàṣì, mo sì gbé áyọ́ọ̀nù tì í bí ìgbà tí Ọ̀gá Tìámíyù dúró sí ẹ̀yìn mi. Ní ìparí, mo ju káńfọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àpò méjèèjì kí kòkòrò má bàa jẹ aṣọ aláṣọ. Nígbà tí Mummy Kudi wá gbà á ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó pàtẹ́wọ́.

"Subhanallah! Uncle Wálé, ẹ pa iṣẹ́! Ó ti wá dà bí suit."

Ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú ọ̀rá rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ láìtú u wò, ó forí lé Kent láti lọ fi ara dánra wò kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Inú igbó ló ti tú u. Kò sí òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá wọ̀ ọ́.

"Mo gbé ẹsẹ̀ kan," ni Uncle Ràímì ń sọ fún wa ní ọjọ́ Ajé yẹn. "Wọ̀ọ̀! Mo gbé ìkejì. Wọ̀ọ̀! Bí ẹni tó wọ àpò nylon. Àgbọ̀nrín mẹ́rin wà níwájú mi, far o, ó jìnnà tó ibí sí station. Wọ́n gbé imú sókè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò mí tààrà, bí ẹni tó rí àna ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gbó bí ajá, gbogbo wọn bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Uncle Wálé, ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá ò dúró dè mí."

Rónkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Uncle Ràímì ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù náà, ó mú káńfọ̀ jáde, ó gbé e síwájú mi.

"Èyí ń kọ́?"

"Torí kòkòrò ni," ni mo wí.

"Kòkòrò ò jẹ ẹ́ lóòótọ́. Everybody ti sá."

Ó ní kí n gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré tí mo fi ń mọ owó ayédèrú wá, èyí tí iná rẹ̀ máa ń jẹ́ àwọ̀ àlùkò. A pa iná ṣọ́ọ̀bù, ó tan tọ́ọ̀ṣì náà sára aṣọ. Aṣọ náà tàn yòò. Ó funfun, ó ní búlúù nínú, bí eyín ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún èmi àgbà alágbàfọ̀. Ohun kan wà nínú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò rí, tó sì máa ń sọ ọ́ di búlúù, òun ló ń jẹ́ kí aṣọ funfun túbọ̀ funfun lójú wa. Àgbọ̀nrín ò fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa, ṣùgbọ́n búlúù hàn sí i kedere, pàápàá láfẹ̀mọ́júmọ́. Imú rẹ̀ sì mú ju ojú rẹ̀ lọ. Ní ti àwọn ewé tó ń mì, àwọn ló ń tú ìrísí èèyàn ká, kí ẹranko má bàa mọ ibi tí ara ọdẹ parí sí.

"Nínú igbó," ló wí, "kò sí nǹkan kan tó ní straight line bíi ti ṣòkòtò tí ẹ lọ̀ yìí."

Ojú tì mí. N kò mọ ìgbà tí ojú ti tì mí tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Rónkẹ́ ti kúnlẹ̀ ní tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo rán an mọ́lẹ̀. Mo rò pé ó ya ni."

"Ẹ dìde, Aunty. Inú rere ni ẹ fi ṣe é." Ó fọwọ́ nujú. "Ọ̀rọ̀ Thursday ló wà níbẹ̀. Òmíràn ò sí ní size mi nítòsí, èyí tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ ò ní tètè dé. Wọn ò ní pè mí lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ fún un pé kó padà wá gba aṣọ rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ọkàn mi ò tíì mọ bí a ó ṣe ṣe é.

Rónkẹ́ mú abẹ́, ó ń tú ohun tó fi ọjọ́ méjì rán. Ó ń tú u, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, tó bá yá á rẹ́rìn-ín, á tún máa tú u lọ. Èmi rẹ aṣọ náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ kí sítáàṣì lè jáde. Omi náà ki bí omi ògì. Ọ̀rọ̀ kan ọṣẹ. Gbogbo ọṣẹ tí mo ní nínú ṣọ́ọ̀bù ló ń rùn tàbí ló ń tàn, mo sì ti tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọṣẹ dúdú. Mo lọ sí Rye Lane, mo dúró níwájú àtẹ kan, mo ń gbé ọṣẹ dúdú símú ní ìdì kọ̀ọ̀kan, torí àwọn kan ti ń fi lọ́fínńdà sí i báyìí.

"Uncle," ni ìyá tó ń tà á wí, "ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Èyí tí kò ní òórùn kankan ni mò ń wá, Mummy."

"Áà. Gbogbo ayé ń wá èyí tó ń ta sánsán, ẹ̀yin ń wá èyí tí kò rùn. Ẹ kú iṣẹ́ o."

N kò lè lo ẹ̀rọ ìfọṣọ mi, torí òórùn ọṣẹ àtọdúnmọ́dún ti wọ inú rẹ̀. Mo gbé bàsíà tuntun sílẹ̀, mo ká ọwọ́ aṣọ mi, mo sì fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ bí ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀yìn mi sọ fún mi pé a ò sí ní Mushin mọ́. Mo fi omi tútù ṣàn án títí mi ò fi mọ iye ìgbà mọ́. Lẹ́yìn ìṣàn kọ̀ọ̀kan mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ìtànṣán rẹ̀ sì ń dín kù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ tán. Uncle Ràímì ló ra ìgò kékeré kan wá láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọdẹ, omi tí wọ́n ṣe láti fi pa irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀. A fọ́n ọn sí i. Tọ́ọ̀ṣì tàn, aṣọ ò dáhùn. Rónkẹ́ hó yèè.

Ó ku ká sá a, wàhálà mìíràn sì nìyẹn. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ aṣọ ń rùn bí aṣọ ibùsùn olódòdó. Ìta ńkọ́? Ọwọ́ ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù mi, ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà. Ọwọ́ òsì, wọ́n ń fi oògùn na irun. Òdì kejì, adìẹ dídín. Kò sí afẹ́fẹ́ kan ní Peckham tí kò ní orúkọ. Èèyàn lè fi imú nìkan mọ ọ̀nà dé station.

"Ọ̀gá," ni Rónkẹ́ wí, "allotment mi wà ní Sydenham now."

Ilẹ̀ kékeré kan ni council fún un níbẹ̀, tó fi ń gbin àgbàdo, tẹ̀tẹ̀ àti ewúro. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwa méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú aṣọ tútù nínú àpò tuntun. Ọkùnrin kan gbé adìẹ dídín gbígbóná jókòó tì wá. A dìde pọ̀, a gun òkè bọ́ọ̀sì lọ. Òmíràn tún gòkè wá pẹ̀lú tirẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Nígbà tí a dé ibẹ̀, Rónkẹ́ fa okùn sáàárín àwọn àgbàdo, a sá aṣọ náà, a da ewé jíjá àti erùpẹ̀ díẹ̀ sínú àpò rẹ̀ ní ibi tí mo ti fi káńfọ̀ sí. A tún gbọn àwọn ewé ara aṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rántí bí a ṣe ń mì. A padà sílé.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́rú, èmi nìkan ni mo lọ kó o torí Rónkẹ́ ní oníbàárà. Mo ṣí géètì allotment, mo rìn dé ibi àwọn àgbàdo, n kò rí nǹkan kan.

Mo lọ síwájú, mo bọ̀ sẹ́yìn. Mo yọ ojú sí ìdí ewúro. Mo wo ilé igi kékeré tí Rónkẹ́ ń kó ọkọ́ sí. Mo pe Rónkẹ́ lórí fóònù.

"Rónkẹ́, wọ́n ti jí i!"

"Kí ni wọ́n jí?"

"Aṣọ Uncle Ràímì! Kò sí níbẹ̀ mọ́!"

"Ọ̀gá, ẹ wò ó dáadáa. Ta ló máa jí aṣọ tó rí báyẹn?"

Mo ní mo ti wò ó dáadáa, ṣé mi ò lójú ni? Mo pa fóònù. Mo jókòó lórí ike tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì ń ronú bí mo ṣe máa wo ojú ọkùnrin náà ní ọ̀sán yẹn, kí n sọ fún un pé mo kọ́kọ́ ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, mo sì tún wá sọ ọ́ nù. Mo ronú nípa Mummy Kudi àti lẹ́tà council. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti fẹ́, tí ohun kan sì rá mi létí. Mo fọwọ́ gbá a dànù, mo rò pé ewé àgbàdo ni. Ó tún rá mi létí. Mo yíjú. Apá aṣọ náà ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Mo ti gba iwájú rẹ̀ kọjá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ojú mi sì ti bà á ní gbogbo ìgbà náà, mo ṣáà ń rò pé àgbàdo ni mò ń wò.

Mo fi imú sí i. Ilẹ̀ ni mo gbọ́, àti òjò díẹ̀. Mo fi ọwọ́ rún un, kò dún. Mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin òyìnbó tó ń tu koríko ní ilẹ̀ kejì fi bi mí bóyá ara mi yá. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí ṣòkòtò mi kọ́kọ́ dá dúró lórí sìmẹ́ńtì lọ. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo tíì ṣe láyé mi nìyẹn, èmi tí mo ṣe é ò sì rí i. Ní ọ̀sán, Uncle Ràímì wá. Ó gbọ́ òórùn aṣọ náà, ó mi orí pé ó dára. Ó ká a sínú àpò tí a gbé e wá, ó lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́jọ ni Mummy Kudi ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun ò lè dá jókòó sílé. Ó di tẹ̀sùbáà mú, ó ń fà á, ètè rẹ̀ ń mì. Rónkẹ́, tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, jókòó tì í, òun náà ń gbàdúrà tirẹ̀. Èmi gbé áyọ́ọ̀nù lé ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, òórùn jíjó ló jí mi. Ó ń lọ sí aago mọ́kànlá nígbà tí fóònù Mummy Kudi dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Daddy Kudi?"

"Mo ti yege."

Mummy Kudi dìde fùú. Rónkẹ́ ti fò mọ́ ọn lọ́rùn. Uncle Ràímì ní kí n sún mọ́ fóònù.

"Uncle Wálé, ó wá bá mi fúnra ẹ̀. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan, olùdánwò wà lẹ́yìn mi, àgbọ̀nrín náà ń jẹ koríko bọ̀ títí mo fi ń gbọ́ ìró eyín ẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wò mí. It looked straight at me. Ó tún padà sídìí oúnjẹ ẹ̀. Mo ṣe Bismillah, mo yìn ín, ẹyọ kan, kò jẹ̀rora. Olùdánwò ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí."

"Ọlọ́run ṣeun," ni mo wí.

A ń gbọ́ atẹ́gùn igbó nínú fóònù rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ mọ ohun tí mò ń rò níbẹ̀? Eighteen years ni mo fi dúró lẹ́nu door yẹn. Àwọn èèyàn á gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde. Wọn ò rí mi. Mo máa ń kí wọn good morning o. Wọn ò rí mi. Ó máa ń dùn mí dé egungun, mi ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Lónìí, ẹranko ò rí mi, mo sì fẹ́ẹ̀ jó."

Mummy Kudi bú sẹ́kún. Èmi ni mo máa ń lọ yúnífọ́ọ̀mù tó ń wọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà yẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo máa ń rì í ní sítáàṣì, mo máa ń fa ìlà sí i, mo sì máa ń rò pé bí kọ́là rẹ̀ bá ti le, tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá ti dán, kò sí ẹni tí kò ní rí ọkùnrin náà kó kí i. N kò bi í léèrè rí. Méjì nínú wọn ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, mo ti lọ̀ wọ́n tán, wọ́n ń dúró de Fúráìdè.

"Uncle Ràímì," ni mo wí, "ẹ má wá gba uniform yẹn mọ́ o."

Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín nínú igbó lọ́hùn-ún.

"Ẹ bá mi fi nu ilẹ̀," ló wí.